Bẹ́ǹṣì Kejìlá

Bí ènìyàn bá gbé iṣẹ́ fún káfíńtà yìí lọ́jọ́ Ajé, tó padà lọ wò ó lọ́jọ́bọ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọkùnrin náà ni, "Ẹ wá lọ́túnla." Bó bá di ọ̀túnla, á tún di ọ̀túnla. Àwọn oníbàárà bínú títí, nígbà tó sú wọn, wọ́n fi ṣe orúkọ fún un. Wá-Lọ́túnla ni gbogbo àdúgbò ń pè é, àwọn ọmọ tó bí pàápàá a máa fi júwe ilé fún àlejò. Kò kà á sí èébú. Ó ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ó ní àga tí òun kàn lọ́dún tí òun kúrò lábẹ́ ọ̀gá ṣì wà nílẹ̀ gbọn-in gbọn-in, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń kánjú gbà á nígbà náà, a ti sin méjì nínú wọn.

Oníbàárà tó ti dúró pẹ́ jù lọ ní ìsọ̀ náà ni ìyàwó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì ló ń retí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti ń retí rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ nìyí. Agégẹdú ni bàbá ìyàwó. Lọ́jọ́ tó ń fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́, kò ní nǹkan púpọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó ní pákó ìrókò kan tó ti gbẹ dáadáa, tó nípọn, tó fẹ̀, tó sì gùn ju ènìyàn lọ. Ó ní, "Ọmọ mi ni mo fún. Ìwọ tí o jẹ́ káfíńtà, fi ṣe bẹ́ẹ̀dì tí yóò máa sùn lé." Ọkọ tuntun yọ pẹ́ńsù tó wà lẹ́yìn etí rẹ̀, ó dojú pákó dé, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sí ẹ̀yìn rẹ̀: BẸ́Ẹ̀DÌ ÌYÀWÓ MI. Ó kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí abẹ́. Ìyàwó wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n gbé pákó náà sí orí àjà ìsọ̀, níbi tí òjò kò lè dé.

"Ìgbà wo lẹ máa wá kàn án?" ni ìyàwó bi í.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó dáhùn.

Láti ìgbà náà, orí fóòmù tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni tọkọtaya ń sùn. Káfíńtà tó ń kan bẹ́ẹ̀dì fún tẹrú tọmọ, ilẹ̀ ló ń sùn! Wọ́n tọ́ ọmọ mẹ́ta lórí fóòmù yẹn, àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n bá tiwọn lọ, orúnkún ìyá wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹjọ́. Bó bá fẹ́ dìde láàárọ̀, yóò kọ́kọ́ yí sí ẹ̀gbẹ́, yóò fọwọ́ ti ilẹ̀, yóò di ògiri mú, nígbà tó bá sì dúró tán, yóò sọ fún ògiri pé, "O ṣeun o, ìwọ lo gbọ́ tèmi nílé yìí." Ọkọ rẹ̀ á ṣe bí ẹni tó ṣì ń sùn.

Nǹkan kan tún wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa iṣẹ́ ọkùnrin yìí. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ sọ fún un pé ibi tí ojú kò ní dé, ìfági kì í dé ibẹ̀. Ojú tábìlì lè máa dán bíi dígí, ẹ fi abẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ṣágiṣàgi bí ayùn ṣe fi í sílẹ̀. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù tó kọjú sí ògiri, kí lẹ fẹ́ fá níbẹ̀? "Ta ní ń dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ tábìlì?" ni ọ̀gá máa ń wí. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí Wá-Lọ́túnla gbà, èyí ló dì mú jù, nítorí òun nìkan ló dín iṣẹ́ kù.

Nígbà tí ayé ṣì rọ̀, bẹ́ǹṣì mẹ́fà ló wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tí tọkọtaya yìí ń lọ, eruku ló sì ń jókòó sórí ìkẹfà. Ṣé ẹni tí ọjà rẹ̀ ń tà máa ń rántí ìpàdé àdúrà ọjọ́rú ni? Nígbà tó yá ni nǹkan yíwọ́. Iye tí wọ́n ta ìṣó láàárọ̀ kọ́ ni wọ́n ń tà á nírọ̀lẹ́. Ẹni tó ní iṣẹ́ lónìí kò mọ̀ bóyá òun yóò bá a níbi tí òun fi í sí lọ́la. Bí ọjà ṣe ń tutù, bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì ń gbóná. Obìnrin aránṣọ tó wà níkángun òpópónà jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ṣúgà kò ní kan ẹnu òun títí àwọn oníbàárà òun yóò fi padà. Alápatà, tó jẹ́ pé ìyàwó rẹ̀ ló máa ń wọ́ ọ wá tẹ́lẹ̀, di ẹni tó ń kọrin ju ẹgbẹ́ akọrin lọ, nítorí ẹran ti di ohun tí àwọn ènìyàn ń béèrè iye rẹ̀ tí wọ́n sì ń kọjá lọ. Tíṣà kan ń gbààwẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́rin yòókù náà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Wá-Lọ́túnla ní tirẹ̀ kò lè gbààwẹ̀, ebi kì í jẹ́ kó gbọ́ ìwàásù. Bẹ́ǹṣì ló lè ṣe. Ní oṣù kan tí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ gbé àga tó yẹ̀ lẹ́sẹ̀ wá, ó ṣa àwọn àjẹkù pákó tó wà nílẹ̀ ìsọ̀ jọ, ó fi kan bẹ́ǹṣì kan, ó sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsinmi. Nígbà tó di ọjọ́ ìṣẹ́gun, ọkùnrin kan yà wọlé, ó ní òun fẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù. Orí Wá-Lọ́túnla wú. Ó ti rí ojú ọ̀nà! Nígbà tí ọwọ́ tún dilẹ̀, ó tún kan bẹ́ǹṣì mìíràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló kọjá kí oníbàárà tó dé, ṣùgbọ́n ó gbàgbé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bẹ́ǹṣì ló rántí. Báyìí ni mẹ́fà di mẹ́jọ, tí mẹ́jọ di mọ́kànlá. Kò sí èyí tó ṣófo nínú wọn, nítorí bí ìyà ṣe ń kó àwọn ènìyàn wọlé ni káfíńtà ń wá ìjókòó fún wọn.

"Bàbá ọmọ mi," ni ìyàwó rẹ̀ wí nígbà tó rí ìkọkànlá, "ṣé orí ìdúró ni Ọlọ́run wà láti ọjọ́ yìí ni? Ẹ bá mi bi í bóyá ó ti rí ibi jókòó báyìí, kó lè wá kan èmi."

"Ẹnu rẹ yìí," ni ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn, "òun ló ń lé oníbàárà."

Àmọ́ bẹ́ǹṣì kọkànlá kò so èso kankan. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù tí Wá-Lọ́túnla gbójú lé. Obìnrin kan ń kọ́ ilé-ìwé lẹ́yìn odò, ó sì ti ṣèlérí pé Wá-Lọ́túnla ni yóò kan tábìlì ogójì àti àga ogójì fún àwọn ọmọ. Ó ti di oṣù mẹ́jọ tó ti ṣèlérí. Bí wọ́n bá béèrè, á ní páànù ti gbówó lórí, ẹ ní sùúrù, bàbá. Bí wọ́n bá tún béèrè, á ní sìmẹ́ǹtì ni, ẹ padà wá lọ́túnla. Wá-Lọ́túnla wá bá ẹni tó mọ ọ̀túnla jù ú lọ pàdé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ káfíńtà, ọkùnrin tó ń ta àga onírọ́bà ti ń fi ojú wọn ìsọ̀ náà. Ó ti bá onílé sọ̀rọ̀. Bí oṣù bá parí tí iṣẹ́ kò dé, òun ni yóò gba ìsọ̀ náà, yóò sì gba Wá-Lọ́túnla síbẹ̀ kó máa bá òun to àga onírọ́bà lé ara wọn. Ọgbọ̀n ọdún nídìí igi, kó wá di ẹni tó ń nu eruku lára rọ́bà!

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, Pásítọ̀ dìde. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kì í pariwo, èyí ló fi jẹ́ pé ohun tó bá sọ máa ń báni délé. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, ọrẹ tí kò bá dun ẹni tó mú un wá, ọrẹ kọ́ nìyẹn. Àjẹkù ni."

Ọ̀rọ̀ náà ba Wá-Lọ́túnla bí òkò. Àjẹkù! Ó wo bẹ́ǹṣì tó wà lábẹ́ ìdí rẹ̀, ó wo tiwájú, ó wo tẹ̀yìn. Àjẹkù pákó ni gbogbo wọn. Abájọ! Ó ti ń fi èyí tí kò wúlò fún un tọrọ èyí tó wúlò. Ó padà sí ìsọ̀, ó jókòó, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló wà lọ́wọ́ òun tó lè dun òun. Kò rí nǹkan kan nílẹ̀. Bó ṣe gbójú sókè ni ojú rẹ̀ bá àjà.

Ìyàwó rẹ̀ kò sí nílé lọ́sẹ̀ náà. Àkọ́bí wọn obìnrin ti bímọ, ìyá àgbà sì ti di ẹrù, ó lọ wẹ ọmọ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, Wá-Lọ́túnla gbé àkàsọ̀, ó sọ pákó ìrókò kalẹ̀. Ó nu eruku ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kúrò lára rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara rẹ̀ rojọ́. "Ohun tó ti pẹ́ tó báyìí lórí àjà mi, ṣé kì í ṣe tèmi ni?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. "Bí iṣẹ́ ilé-ìwé bá jáde, màá ra méjì irú rẹ̀." Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn síbẹ̀. Ó gbé e lé orí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé ayùn.

Ọjọ́ méjì péré ló fi kan bẹ́ǹṣì náà. Àkọ́kọ́ nìyí láyé rẹ̀ tí iṣẹ́ yóò parí kí ọ̀túnla tó dé. Ó fá ojú rẹ̀ títí tó fi ń dán, ó fi fáníìṣì kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó dojú rẹ̀ dé láti kan ẹsẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ tó fi pẹ́ńsù kọ wà níbẹ̀, kò ṣá. Ó gbé ìfági, ó tún gbé e kalẹ̀. Ta ní ń dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ǹṣì? Ìyẹn ló sọ fún ara rẹ̀. Ká sọ òótọ́, ọwọ́ rẹ̀ ni kò gbà á.

Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́ fún bẹ́ǹṣì kejìlá. Alápatà ní irú rẹ̀ kò sí ní ilé gómìnà pàápàá. Nígbà tó di ọjọ́rú, obìnrin onílé-ìwé fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí ìsọ̀, ó ní kí bàbá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì kó pákó tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ wá pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù. Ó ní àwọn ọmọ yóò wọlé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i, wọn kò kúkú lè jókòó sórí sìmẹ́ǹtì. Wá-Lọ́túnla ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó jẹ́ kó máa sọ tirẹ̀. Òun mọ ẹni tó rán an wá. Alága-onírọ́bà kí i kú oríire, ojú rẹ̀ kò sì dùn.

Nígbà tí ìyàwó dé, tó gbọ́, ó jó yí ìsọ̀ po, kò tilẹ̀ rántí orúnkún tó ń dùn ún. Kò wo àjà. Ọkọ rẹ̀ kúkú ti to pákó ilé-ìwé díẹ̀ sí ojú ibẹ̀. Àfi bó ṣe di ọjọ́ ìsinmi, tí obìnrin yìí wọ ṣọ́ọ̀ṣì, nínú gbogbo bẹ́ǹṣì méjìlá, orí ìkejìlá ló lọ jókòó sí.

"Ẹ wò ó, bẹ́ǹṣì yìí mà dáa o!" ló wí sétí ọkọ rẹ̀. "Ara tù mí lórí rẹ̀. Igi wo lẹ fi ṣe é?"

"Igi... igi gidi ni."

Láti ọjọ́ náà, ó di pé ìyàwó rẹ̀ ń tètè múra kí ẹlòmíràn má bàa gba ibẹ̀. Á jókòó, á fọwọ́ pa á lójú, á mí kanlẹ̀. Wá-Lọ́túnla kò gbọ́ ìwàásù mọ́. Bí wọ́n bá ní ká dìde, òun ló ń kọ́kọ́ dìde, bí ẹni tí ìjókòó ń jó nídìí.

Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Ó di ọjọ́ àbámẹ́ta kan tí òjò rọ̀ mọ́jú, tí ẹrẹ̀ gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì. Gbígbá ni àwọn obìnrin máa ń gba ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀; lọ́jọ́ náà, wọ́n ní àfi kí wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dojú bẹ́ǹṣì dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Wá-Lọ́túnla wà ní ìsọ̀, wọ́n ránṣẹ́ sí i pé kó mú òòlù wá, ẹsẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn bẹ́ǹṣì àtijọ́ ti yọ. Ó ń fi ẹnu súfèé bọ̀. Nígbà tó wọlé, gbogbo wọn pagbo yí bẹ́ǹṣì kan ká, aránṣọ tẹ̀ ba síbẹ̀, ó ń kà á bí ọmọ iléèwé:

"Bẹ́ẹ̀-dì... ì-yà-wó... mi."

"Áà!" ni ọ̀kan nínú wọn kígbe. "Bẹ́ẹ̀dì oníbẹ́ẹ̀dì la ti ń jókòó lé láti ọjọ́ yìí!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ń dì mọ́ra wọn. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín. Ó mú aṣọ ìnulẹ̀ lọ́wọ́, ó ń nu ẹrẹ̀ kúrò létí ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, kó má bàa pa á rẹ́. Nígbà tó rí ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó dìde, ó di bẹ́ǹṣì mú dìde.

"Ẹ bá wọn kan ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì wọn," ló wí, ó sì gba ilé lọ. Ẹ̀rín kú mọ́ gbogbo wọn lẹ́nu. Òòlù wúwo lọ́wọ́ Wá-Lọ́túnla ju ti ìgbàkígbà lọ. Ojú tì í débi pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló kàn lẹ́ẹ̀mejì.

Kó tó délé, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀. Pásítọ̀ àti alápatà ti gbé bẹ́ǹṣì kejìlá dé iwájú ilé. Pásítọ̀ ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ gba ohun yín. Ìjọ kò mọ̀."

"Ẹ gbé e padà," ni ìyàwó wí. "Ohun tí a ti fún Ọlọ́run, a kì í gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi kọ ọ́ sínú ìwé yín pé èmi ni mo fún un, kì í ṣe bàbá yìí."

Ó wá kọjú sí ọkọ rẹ̀. Kò pariwo. Ì bá tilẹ̀ pariwo, ì bá sàn.

"Pásítọ̀ sọ pé ọrẹ gbọ́dọ̀ dun ẹni tó mú un wá. Ọjọ́ tí ẹ gbé e lọ, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún yín. Ó dùn yín ni? Bàbá mi ti kú, ohun kan ṣoṣo tó kù tó fún mi nìyẹn. Ilẹ̀ ni mo ṣì ń sùn. Ta ló wá rú ẹbọ náà nínú àwa méjèèjì?"

Wá-Lọ́túnla tẹjú mọ́ ọwọ́ rẹ̀ tí òòlù bà.

"Bó bá jẹ́ pákó yẹn ni Ọlọ́run rí tó fi gbé iṣẹ́ ilé-ìwé wá," ni ìyàwó rẹ̀ fi kún un, "a jẹ́ pé tèmi ni iṣẹ́ náà, ẹ̀yin kàn ń bá mi ṣe é ni." Alápatà fẹ́ rẹ́rìn-ín, Pásítọ̀ fi ìgúnpá gún un.

Fún ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, "ẹ káàárọ̀" àti "oúnjẹ rè é" nìkan ni wọ́n ń sọ nílé yẹn. Wá-Lọ́túnla kò kúrò ní ìsọ̀. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Àwọn tó ń kọjá ń gbọ́ ìró ayùn, wọ́n ní iṣẹ́ ilé-ìwé ti wọ̀ ọ́ lára. Alága-onírọ́bà yọjú lójú fèrèsé lọ́jọ́ kejì, ó wá ń sọ fún àwọn ènìyàn pé orí bàbá ti dàrú, pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló kúnlẹ̀ sí tó ń rẹ́ pákó.

Ní ọjọ́ kẹrin, lọ́sàn-án, ìyàwó ti ọjà dé, ó ṣí yàrá. Fóòmù kò sí nílẹ̀ mọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ló wà, bẹ́ẹ̀dì kan tó rẹlẹ̀ níwọ̀n tó bá orúnkún rẹ̀ mu gẹ́lẹ́. Ọkọ rẹ̀ dúró ní kọ̀rọ̀, òógùn bò ó. Obìnrin náà yí i po lẹ́ẹ̀kan, ó yí i po lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà, orúnkún dùn ni o, kò dùn ni o, ó kúnlẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ilẹ̀, ó sì wo abẹ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́ síbẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti òpin dé òpin. Ó ń dán bíi ti òkè.

"Ẹ fá abẹ́ rẹ̀," ló wí láti ìsàlẹ̀.

"Mo fá a."

"Ta ló máa wò ó?"

"Ìwọ."

Ó dìde jókòó sílẹ̀. Ó ti rí ojú àpá kan létí igi náà, àpá òòlù tó jìn, tí ìfági kò lè mú kúrò. Ó mọ àpá náà. Ara tábìlì iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ló wà tẹ́lẹ̀, tábìlì ńlá onígi líle tí ọ̀gá fi ṣe ogún fún un, èyí tí ọkùnrin náà ti dúró tì fún ọgbọ̀n ọdún tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ife omi lé.

"Orí kí lẹ ó wá máa kan ti ilé-ìwé?"

"Ilẹ̀."

"Tábìlì ogójì? Àga ogójì?"

"Ilẹ̀ náà ni."

"Ṣé ó dùn yín?"

"Ó dùn mí," ni Wá-Lọ́túnla wí, omi sì ti lé ròrò sí i lójú. "Ó dùn mí wọ egungun."

"Ó dáa," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ bọ́ bàtà yín, ẹ wá na ẹ̀yìn."

Wọ́n sùn títí oòrùn fi rọlẹ̀. Nígbà tí wọ́n jí, ìyàwó sọ ẹsẹ̀ méjèèjì kalẹ̀, ó dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sì bá ògiri sọ ohunkóhun. Ọkọ rẹ̀ ló di ògiri mú.